Àìná Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ní Ilẹ̀ Òyìnbó

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ń gbé ní Ìkìrun, ní Ìnísà tàbí ní Òkukù kò ní ṣàì mọ odò Ọ̀tìn. Bí àwọn àgbà bá dárúkọ odò yìí, kì í pẹ́ tí wọn yóò fi rántí Ogun Jálumi, tí a jà ní Ìkìrun ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, nígbà tí àwọn jagunjagun Ìlọrin tí ń sá níwájú ogun Ìbàdàn rọ́ wọ inú omi, tí odò sì gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Láyé ìgbà náà, ogun kò jẹ́ kí ìlú sinmi. Àwọn ará Òkukù fi ilé àti oko wọn sílẹ̀, wọ́n sá wá sí Ìkìrun láti wá ààbò. Ọmọ tí ó bá sùn lálẹ́ kò mọ ilé ẹni tí òun yóò jí sí. Ìtàn ọmọ tí ogun kó, ẹ ti gbọ́ ọ púpọ̀ lẹ́nu àwọn bàbá àti ìyá yín àgbà. Ìtàn ti ọmọ kan tí mo fẹ́ sọ yìí bẹ̀rẹ̀ bí àwọn ìyókù, ṣùgbọ́n ibi tí ogun gbé e jù sí kò sí ẹni tí ó lè rò ó tẹ́lẹ̀.

Òkè-Ọ̀dàn jẹ́ ìlú kan ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí a ń pè ní Yewa lóde òní, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Níbẹ̀ ni a ti bí ọmọbìnrin kan ní nǹkan bí ọdún 1843. Orúkọ rẹ̀ ni Àìná. Kò sí Yorùbá kan tí yóò gbọ́ orúkọ yìí tí kò ní mọ ohun tí ó jẹ́, nítorí àmútọ̀runwá ni: ọmọbìnrin tí ó bá gbé ìwọ́ kọ́ ọrùn wá sí ayé ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Orúkọ náà nìkan ni ogún tí ó rí mú kúrò ní ilé bàbá rẹ̀. Orúkọ àwọn òbí rẹ̀ ti sọnù sínú ogun. Oríkì tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún kò sì dé etí ẹni tí ó lè kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá ronú bí oríkì ti níye lórí tó ní Òkukù, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ki ènìyàn láti ìran dé ìran, ẹ óò mọ̀ pé àdánù kékeré kọ́ ni èyí.

Ní ọdún 1848 ni ogun Dàhòmì dé. Ọba Gezo ni ó wà lórí ìtẹ́ ní Abomey nígbà náà, àwọn ìlú Yorùbá tí ó wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn sì ń bẹ̀rù rẹ̀ gidigidi, nítorí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ogun rẹ̀ máa ń jáde láti wá ẹrú. Wọ́n ya wọ Òkè-Ọ̀dàn, wọ́n pa àgbà, wọ́n kó ọmọ. Bàbá àti ìyá Àìná wà lára àwọn tí ó kú. Òun fúnra rẹ̀ tó nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún. Wọ́n mú un lọ sí Abomey, ó sì wà níbẹ̀ fún bí ọdún méjì. Wọn kò tà á fún àwọn tí ń kó ẹrú ré òkun kọjá. Ọba ni ó fi í pamọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ìdí tí ó sì fi ṣe bẹ́ẹ̀ kò dára láti gbọ́: ọjọ́ ọdún tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí àwọn ọba àtijọ́ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń dúró dè, tí a óò fi í rúbọ.

Ní àkókò yìí kan náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń wá ọ̀nà láti mú kí Gezo jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Wọ́n ti fi òfin dè é fún àwọn ènìyàn tiwọn láti ọdún 1807, ọkọ̀ ogun wọn sì ń ṣọ́ etíkun. Ọ̀gá ọkọ̀ ogun kan tí a ń pè ní Bonetta ni wọ́n rán sí ọba náà ní ọdún 1849, wọ́n sì tún rán an ní ọdún 1850. Frederick Forbes ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bá lọ kò yọrí sí ohun kan, nítorí inú òwò ẹrú ni agbára ọba náà ti ń wá. Ṣùgbọ́n bí ó ti yẹ kí ọba ṣe àlejò, Gezo fún un ní ẹ̀bùn: owó ẹyọ, ọtí, àga ìjókòó, àti Àìná. Forbes mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà bí òun bá kọ̀ ọ́. Ó gbà á ní orúkọ Ọbabìnrin Victoria, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ ọba ènìyàn dúdú sí ọbabìnrin ènìyàn funfun. Ó gba ẹ̀mí ọmọ náà là, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé kò ṣe é. Síbẹ̀, mo rò pé ó yẹ kí a fiyè sí i pé àárín ìkòkò ọtí àti owó ẹyọ ni wọ́n ti ka ọmọ ènìyàn mọ́ ẹrù. Bí a ti fi í tọrẹ lẹ́ẹ̀kan yìí, yóò pẹ́ kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí yóò máa pinnu fún un.

Wọ́n ṣe ìsàmì fún un, wọ́n sì sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa. Forbes jẹ́ orúkọ ọ̀gá ọkọ̀, Bonetta jẹ́ orúkọ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Orúkọ tí àwa Yorùbá ń sọ ọmọ máa ń sọ ohun tí ilé rí kí a tó bí i; orúkọ tuntun yìí sọ ohun tí ó gbé e kọjá òkun. Àwọn atukọ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Kí wọ́n tó gúnlẹ̀, ó ti ń gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀, etí rẹ̀ sì yá sí orin.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 1850 ni Forbes mú un dé iwájú Ọbabìnrin Victoria ní ààfin Windsor. Ọmọ nǹkan bí ọdún méje ni. Ọbabìnrin fẹ́ràn rẹ̀ ní ojú ẹsẹ̀, ó sì ní òun yóò máa san owó ilé-ìwé rẹ̀ àti owó ohun tí yóò jẹ. Kì í ṣe inú ààfin ni ó ń gbé, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti máa ń sọ ìtàn náà. Ilé Forbes ni ó wà, ní Winkfield, tí kò jìnnà sí Windsor, láàárín ìyàwó àti àwọn ọmọ ọ̀gá ọkọ̀ náà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un lọ kí Ọbabìnrin. Ààrin oṣù díẹ̀ ni ó ti rí òtútù tí ó ju ti ọyẹ́ lọ ní ìlọ́po púpọ̀, ilẹ̀ tí ó funfun nítorí yìnyín, àti igi tí ó wọ́ ewé dànù pátápátá bí ẹni pé ó ti kú. Ikọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é.

Ìgbà tí kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n dé, ní oṣù kẹta ọdún 1851, Forbes kú. Àwọn tí ó kù bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé òtútù yóò pa ọmọ náà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi í ránṣẹ́ sí Sàró, sí ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin tí ìjọ C.M.S. dá sílẹ̀ ní Freetown. Bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà láti òkèèrè, ibẹ̀ ni ìbá yẹ kí ara ti tù ú jù lọ. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí a gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú ni ó ń gbé ní Freetown, wọ́n ń sọ èdè wọn, wọ́n sì ń jẹ oúnjẹ wọn. Ṣùgbọ́n Àìná kì í ṣe bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Ìwé àti ohun ìṣeré ń ti ààfin wá fún un, gbogbo ojú sì ń wò ó. Ó kọ́ ìwé dáadáa, inú rẹ̀ kò sì dùn. Ní ọdún 1855, Ọbabìnrin gbà kí ó padà wá. Ó ti tó ọmọ ọdún méjìlá, ó sì ti la òkun náà kọjá nígbà mẹ́ta.

Ìgbà yìí ni ìgbé ayé rẹ̀ ní ilẹ̀ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, nítorí ohun tí ọmọ ọdún méje rí kì í pẹ́ di àlá lójú rẹ̀. Gillingham ni wọ́n fi í sí, ní agbègbè Kent, lọ́dọ̀ Àlùfáà James Frederick Schön àti ìyàwó rẹ̀. Ará Jámánì ni Schön. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Sàró rí, òun pẹ̀lú Samuel Ajayi Crowther ni wọ́n sì jọ wọ ọkọ̀ ìrìn-àjò odò Ọya ti ọdún 1841, nínú èyí tí ibà pa ọ̀pọ̀ òyìnbó. Lẹ́yìn tí ó padà, ó ń fi ìyókù ọjọ́ rẹ̀ kọ́ èdè Hausa tí ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ní nǹkan bí àkókò tí Àìná dé, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Hausa méjì, Dorugu àti Abbega, tí arìnrìn-àjò Heinrich Barth mú wá sí Yúróòpù ní ọdún 1855, wá gbé lọ́dọ̀ Schön, wọ́n sì ń sọ ìtàn ìlú wọn fún un. Ilé náà kò wá dà bí ilé òyìnbó yòókù. Ẹni tí ó bá kan ilẹ̀kùn ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ lè bá ará Jámánì tí ń sọ Hausa níbi tí iná ẹ̀ẹ́dú ti ń jó, kí ọmọ Òkè-Ọ̀dàn sì wà ní ìdí dùùrù.

Àìná ń pe ìyàwó Schön ní ìyá. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú un. Àwọn lẹ́tà tí ó kọ sí obìnrin yìí ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni a fi mọ inú rẹ̀ lónìí, nítorí ohun tí kò lè sọ fún Ọbabìnrin, ìyá yìí ni ó máa ń sọ ọ́ fún.

Ìgbé ayé ojoojúmọ́ ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ètò. Ní ìgbà òtútù, òkùnkùn ni wọ́n fi ń jí, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ a tún ti ṣú kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Wọ́n á kọ́kọ́ dá iná sí ààrò inú yàrá, ilé á gbàdúrà pọ̀, wọn á jẹ búrẹ́dì, wọn á mu tíì, lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin tí a ń tọ́ láti di ìyálé ilé ọlọ́lá gbọ́dọ̀ mọ ìwé kà, kí ó mọ èdè ilẹ̀ mìíràn, kí ó lè kọrin, kí ó lè ta dùùrù, kí ó sì mọ abẹ́rẹ́ lò. Gbogbo ìwọ̀nyí ni Àìná ṣe, ó sì tayọ nínú orin. Bí ọjọ́ bá dára, wọn á rìn jáde. Chatham kò jìnnà, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ogun lẹ́bàá odò Medway. Èrò mi ni pé kò lè rí igi ọkọ̀ wọ̀nyí kí ó má rántí Bonetta. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì ni, ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ojú a sì máa tẹ̀lé e bí ó ti ń lọ jókòó. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀. Àlejò ni, wọn kì í sì í jẹ́ kí àlejò gbàgbé pé àlejò ni òun.

Ohun tí ó máa ń já ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí sí méjì ni ìrìn-àjò. Bí ìwé bá ti Windsor wá pé Ọbabìnrin fẹ́ rí i, wọn á di ẹrù rẹ̀, á sì gba Lọ́ńdọ̀nù lọ, nítorí Gillingham wà ní ìlà-oòrùn ìlú ńlá náà, Windsor sì wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tí ẹ mọ̀, tí ó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà, kò tíì sí lójú àlá ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ọdún 1907 ni ó tó dé Ọ̀ṣogbo. Ṣùgbọ́n irin ti na kọjá orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti dé Windsor láti ọdún 1849, ó sì dé Gillingham ní 1858, tí ó fi jẹ́ pé ní ìbẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi gbé e dé ibi tí yóò ti wọ rélùwéè. Ẹ fi ojú inú wo ọmọbìnrin kan tí ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé ọkọ̀, tí pápá àti agbo àgùntàn ń sá padà sẹ́yìn, tí èéfín ẹ̀ẹ́dú Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lójú ọ̀run, tí odò Thames àti ògiri òkúta Windsor sì yọ nígbà tí ó yá.

Nígbà tí ó bá dé ààfin, àwọn ọmọ Ọbabìnrin ni ẹgbẹ́ rẹ̀. Alice, ọmọbìnrin Ọbabìnrin kejì, ni wọ́n jọ mọwọ́ ara wọn jù lọ. Ọdún kan náà, 1843, ni a bí àwọn méjèèjì. Ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù kìn-ín-ní ọdún 1858, tí àkọ́bí Ọbabìnrin ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú ọmọ ọba Prussia ní Lọ́ńdọ̀nù, Àìná wà lára àwọn tí a pè. Àwọn ọba àti ìjòyè Yúróòpù ni ó kún ibẹ̀. Ó wọ aṣọ bí tiwọn, ó sọ èdè bí tiwọn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n padà sí ilé ọba wọn, òun sì padà sí Gillingham láti lọ máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ.

Báyìí ni ó ṣe di ọmọge. Ọmọge tí Ọbabìnrin ń bọ́ kò lè máa gbé ilé àlùfáà títí láé. Àwọn tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ọkọ. Ní àkókò yìí ni ẹnì kan yọ, tí ẹ̀yin náà kò lè pè ní ẹni yẹpẹrẹ. James Pinson Labulo Davies ni. Ọmọ Yorùbá tí a dá nídè ni àwọn òbí rẹ̀, Sàró ni a sì bí i sí ní ọdún 1828. Ó ti bá àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́, ó ti di ọ̀gá ọkọ̀, ó sì ti di oníṣòwò ńlá ní Èkó. Nígbà tí Babington Macaulay dá ilé-ìwé gíga C.M.S. sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859, àádọ́ta pọ́n-ùn tí Davies fi tọrẹ ni wọ́n fi ra ìwé àti ohun èlò. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú. Ó rí Àìná, ó sì fẹ́ ẹ.

Àìná kọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó fi hàn wá pé kì í ṣe ọmọ tí ó ń tẹ orí ba nìkan ni wọ́n tọ́ ní Gillingham. Kò bú Davies. Ó jẹ́wọ́ nínú lẹ́tà rẹ̀ sí ìyàwó Schön pé ẹni dáradára ni, pé ó lówó, àti pé bí òun bá fẹ́ ẹ, òun yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń darí òun lẹ́sẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò fẹ́ràn rẹ̀, òun kò sì lè tìtorí owó ta ìfọ̀kànbalẹ̀ òun. Ẹ rántí pé ọmọ ọdún méjìdínlógún tàbí mọ́kàndínlógún ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀ yìí, tí kò ní bàbá, tí kò ní ẹ̀gbọ́n, tí oúnjẹ tí ó ń jẹ sì ń ti ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ kí ó gbà wá.

Wọn kò nà án, wọn kò sì tì í mọ́lé. Wọ́n kó o kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ni. Brighton ni wọ́n mú un lọ, ìlú ńlá etí òkun tí àwọn ọlọ́lá ti máa ń lọ gba atẹ́gùn, tí ọ̀nà rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti Ọ̀ṣogbo sí Ìbàdàn. Ilé àwọn ìyá arúgbó kan ní Clifton Hill ni wọ́n fi í sí, kí ó lè kọ́ bí a ti ń ṣe láàárín àwọn ènìyàn ńlá. Lójú ẹni tí ń kọjá lọ, ìgbádùn ni: òkun wà nísàlẹ̀, ilé funfun tò lọ bẹẹrẹ, àlejò ń wọlé ń jáde. Lójú Àìná, àhámọ́ ni. Ó kórìíra ilé náà, ó sì sọ ọ́ láìfi bò. Irin-àjò tí ó ti máa ń mú inú rẹ̀ dùn di ohun tí wọ́n fi ń ṣẹ́ apá rẹ̀.

Nígbẹ̀yìn, ó gbà. Àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ kì í sábà dúró lórí èyí. Wọ́n máa ń yára kọjá sí orí ìgbéyàwó, nítorí ìgbéyàwó náà lẹ́wà. Èmi kò lè dá a lẹ́bi. Obìnrin mélòó ní Ìkìrun tàbí ní Ìnísà ní ọ̀rúndún náà ni a bi léèrè rárá?

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 1862 ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin mẹ́wàá ni ó gbé àwọn èrò wá. Ọmọbìnrin mẹ́rìndínlógún ni ó tẹ̀lé ìyàwó, àwọn dúdú pẹ̀lú àwọn funfun, àwọn ará ìlú sì dúró wìtìwìtì láti wò wọ́n. Àwọn ìwé ìròyìn kò gbẹ́yìn. Ohun kan wà tí ó wú mi lórí ju gbogbo kẹ̀kẹ́ náà lọ: nígbà tí ó tó àkókò láti kọ orúkọ sínú ìwé ìgbéyàwó, ó kọ orúkọ ọkọ̀, ó kọ orúkọ ọ̀gá ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó fi orúkọ tí ó gbé ti Òkè-Ọ̀dàn wá ṣáájú gbogbo wọn. Wọ́n kọ ọ́ bí òyìnbó ti gbọ́ ọ, Ina. Ọdún mẹ́rìnlá ti kọjá tí ogun ti kó o, kò sì gbàgbé.

Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, tọkọtaya náà lọ ya fọ́tò lọ́dọ̀ Camille Silvy ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn àwòrán náà wà títí di òní ní ilé àwòrán tí a ń pè ní National Portrait Gallery. Aṣọ ìyàwó rẹ̀ fẹ̀ ní ìsàlẹ̀ bí agboòrùn, ó dúró ṣánṣán, kò rẹ́rìn-ín. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ń ya fọ́tò kì í sábà rẹ́rìn-ín, nítorí náà a kò gbọdọ̀ ka ohun tí kò sí níbẹ̀ kúrò lójú rẹ̀.

Wọ́n wọ ọkọ̀ padà sí Áfíríkà. Àìná ṣe olùkọ́ ní Freetown fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sí Èkó, tí ó ti di ìlú tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso láti ọdún 1861. Òkè-Ọ̀dàn kò jìnnà sí ibẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1863 ó bí àkọ́bí rẹ̀, ó sì tọrọ àyè lọ́wọ́ Ọbabìnrin kí òun lè sọ ọmọ náà ní Victoria. Ọbabìnrin gbà, ó di ìyá ìsàmì ọmọ náà, ó sì fi ife àti àwo wúrà ránṣẹ́ sí i. Ní ọdún 1867, Àìná gbé ọmọ yìí lọ sí Windsor láti lọ fi han Ọbabìnrin. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó wọ ààfin náà gẹ́gẹ́ bí ìyá ọmọ tí ó ní ilé tirẹ̀ níbòmíràn. Lẹ́yìn èyí ni ó bí Arthur ní 1871 àti Stella ní 1873.

Nǹkan kò rọrùn títí. Láàárín àwọn ọdún 1870, òwò ọkọ rẹ̀ dojú dé, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó sì di ẹni tí ń ti ilé-ẹjọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ikọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Àìná ní Winkfield nígbà tí ó wà ní ọmọdé kò sì fi í sílẹ̀ rí. Nígbà tí ìbọn ń dún ní Ìkìrun ní 1878, tí odò Ọ̀tìn ń gbé òkú, ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ń jẹ ẹ́ lára ní Èkó. Dókítà ayé ìgbà náà kò ní oògùn fún un ju pé kí aláìsàn lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dára. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí erékùṣù Madeira, tí ó jẹ́ ti àwọn Potogí, ní àárín Èkó àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìrìn-àjò rẹ̀ ìkẹyìn nìyẹn. Ó kú ní ìlú Funchal ní ọjọ́ karùndínlógún oṣù kẹjọ ọdún 1880. Ọdún mẹ́tàdínlógójì tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ó lò láyé. Níbẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Victoria ọmọ rẹ̀ wà nígbà náà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó yẹ kí ó lọ kí Ọbabìnrin ní ilé rẹ̀ ní Osborne, ní erékùṣù Wight, ni wọ́n sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti kú. Ó lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹkún lójú. Ọbabìnrin gbà á mọ́ra, ó sì ní òun yóò máa fún un ní owó lọ́dọọdún. Ọmọ yìí ni ó wá fẹ́ Dókítà John Randle ní Èkó ní ọdún 1890. Stella àbúrò rẹ̀ bí ọmọbìnrin kan fún Herbert Macaulay, ọmọ Babington Macaulay tí a ti dárúkọ rẹ̀ lókè.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, wọ́n gbé àwòrán Àìná tuntun kan kọ́ sára ògiri ní Osborne, tí ayàwòrán Hannah Uzor kùn, nínú aṣọ ìyàwó kan náà tí ó wọ̀ níwájú Silvy. Èyí tí ọkọ rẹ̀ ṣe fún ìrántí rẹ̀ ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Davies ní oko kan ní Ìjọ̀n, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Èkó, níbi tí ó ti wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbin kòkó ní ilẹ̀ yìí. Ó gbé òkúta ńlá kan nàró níbẹ̀ láàárín oko, ó sì gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí i lára.